Mi Ò Nílò Ògbufọ̀

Abraham Adésànyà Estate,
Ajah, Èkó.
4 Òkúdu, 2025.

Fikáyọ̀ ọmọ mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Tolúwani ìyàwó wa ńkọ́? Oyún inú rẹ̀ ńkọ́? Sọ fún un pé kó má máa gbé ohun tó wúwo, kó sì máa jẹun kí ebi tó pa á. Èmi náà wà láàyè. Orúnkún mi ń ké bí ilẹ̀kùn tí wọn ò fi òróró sí, ṣùgbọ́n mo ṣì ń dá lọ sí ìjọ ní Addo, mo sì ń dá bọ̀.

O máa béèrè ìdí tí mi ò fi pè ọ́. Fóònù wà fún "ẹ kú àárọ̀" àti "ṣé wọ́n ti mú iná wá". Ọ̀rọ̀ gidi, inú ìwé ni mo ti ń sọ ọ́. Mo ti fi bírò kọ ọ́, n óò ya fọ́tò rẹ̀, WhatsApp á sì gbé e dé ọ̀dọ̀ rẹ kí tíì rẹ tó tutù.

Ọjọ́ Ìsinmi tó kọjá, Pásítọ̀ Dúrósinmí kéde pé ìpàdé ńlá kan ń bọ̀ ní Lekki lóṣù Ọ̀wàrà. Àwọn aṣáájú ìjọ àti àwọn ọ̀mọ̀wé ẹ̀kọ́ Bíbélì ló máa wá síbẹ̀ wá sọ ohun tí wọ́n gbà gbọ́ àti iṣẹ́ tí wọ́n fi ayé wọn ṣe. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka orúkọ. Nígbà tó dé "Ọ̀mọ̀wé Fikáyọ̀ Akínọ̀ṣọ́, láti Aberdeen", mi ò mọ ìgbà tí mo dìde. Mo jó, orúnkún ò sì rántí láti ké. Ìwọ tí o máa ń sùn sórí itan mi nígbà ìwàásù! Ọlọ́run ṣe é, mi ò bímọ lásán.

Ṣùgbọ́n nǹkan kan wà lọ́kàn mi. Lọ́dún tó kọjá ni ìjọ ra ẹ̀rọ tó ń gbé ọ̀rọ̀ sára ògiri. Pásítọ̀ ní àwọn ará estate tó ń wọlé báyìí gbọ́ Òyìnbó, ẹni tí kò bá gbọ́ á máa ka Yorùbá lójú ògiri. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ló fi sọ ọ́ fún mi, kò rí mi fín. Ṣùgbọ́n èmi tí mo ti ń dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ oníwàásù láti ìgbà tí bàbá rẹ ti wà láàyè, tí mo ń gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu wọn ní gbígbóná, tí mo ń sọ ọ́ di Yorùbá, mo ti wá di ẹni tó ń jókòó wo ògiri. Ó dùn mí. Mi ò ní í purọ́ fún ọ.

Ohun tí mo fẹ́ rèé. Nígbà tí o bá wá sọ̀rọ̀ ní Lekki, jẹ́ kí n ṣe ògbufọ̀ rẹ. Mo ti túmọ̀ ti òyìnbó, mo ti túmọ̀ ti ará Ghana, mo ti túmọ̀ ti bíṣọ́ọ̀bù kan tó ń fi imú sọ̀rọ̀. Mi ò tíì túmọ̀ ti ọmọ mi rí. Jẹ́ kí n ṣe é lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kí n tó lọ jókòó pátápátá.

Ṣé o ń bọ̀? Ìgbà tí o wá sin bàbá rẹ la ríra kẹ́yìn. Ó ti pẹ́ jù.

Èmi ni ìyá rẹ,
Abímbọ́lá.


Aberdeen,
16 Òkúdu, 2025.

Màámi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ilé, ẹ kú àárò wa, ẹ sì kú ìrora orúnkún. Tolúwani ń kí yín. Ó ní òun ń jẹun ju èmi lọ, kí ẹ fọkàn balẹ̀.

Ayọ̀ yín dé ọ̀dọ̀ mi kí lẹ́tà yín tó dé. Pásítọ̀ Dúrósinmí ti fi fídíò ijó yín ránṣẹ́ sí mi. Mo fi han àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́, wọ́n sì ní ṣé ẹni tí orúnkún ń dùn nìyí.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ èyí tí kò ní í dùn mọ́ yín. Mi ò ní í lè wá. Oṣù Ọ̀wàrà gan-an ni dókítà ní Tolúwani máa bímọ, mi ò sì lè fi òun nìkan sílẹ̀ nílẹ̀ àjèjì. Láti ibí ni n óò ti sọ̀rọ̀, wọn óò sì máa wò mí lójú ẹ̀rọ nínú gbọ̀ngàn.

Ní ti ògbufọ̀, ẹ má da ara yín láàmú rárá. Mi ò nílò ògbufọ̀ lọ́jọ́ náà. Ẹ wọ aṣọ tó dára, kí ẹ jókòó síwájú, kí ẹ ṣáà máa gbọ́ mi.

Ẹ̀yin náà máa wà nínú ọ̀rọ̀ mi o. Ìwé tí mo ń kọ lọ́wọ́ ní orí kan tó dá lórí àṣìtúmọ̀ tó ṣẹlẹ̀ níjọ wa nígbà tí mo wà ní kékeré. Ṣé ẹ rántí oníwàásù òyìnbó tó fi òwe wọn sọ pé bí agbára èèyàn bá pin, tó dé òpin okùn rẹ̀, kó ta kókó sí i, kó rọ̀ mọ́ ọn? Ẹ̀yin wá ní, "Bí aje bá bọ́ sódò, ẹ di etí ọkọ̀ mú, ẹ má fò sómi." Okùn ò sí níbẹ̀ rárá! Àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n ibí fẹ́ràn ìtàn náà púpọ̀, wọ́n rẹ́rìn-ín títí.

Ọmọ yín,
Fikáyọ̀.


Ajah, Èkó.
20 Òkúdu, 2025.

Ọ̀mọ̀wé Akínọ̀ṣọ́,

Ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ. Lẹ́tà yín tẹ̀ mí lọ́wọ́.

Mo gbọ́ pé ẹ ò nílò ògbufọ̀. Kò burú. Mo tún gbọ́ pé àṣìtúmọ̀ mi ń pa àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n yín lẹ́rìn-ín. Inú mi dùn pé mo ṣì wúlò fún nǹkan kan.

Àjẹ̀ ni wọ́n fi ń wa ọkọ̀ lójú omi. Ẹ kọ "aje", ẹ ò fi àmì sí i. Bí ẹ bá kà á síta báyẹn, àwọn èèyàn á rò pé àjẹ́ ló bọ́ sódò níjọ wa.

Ẹ bá mi kí ìyàwó yín.

Ìyáàfin A. Akínọ̀ṣọ́.


Aberdeen,
21 Òkúdu, 2025.

Màámi,

Mo dọ̀bálẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi "ẹ" bá mi sọ̀rọ̀ mọ́. Inú bọ́ọ̀sì ni mo ti ka lẹ́tà yín, mo sì sọ̀kalẹ̀ níbi tí kì í ṣe ibi tí mò ń lọ. Ẹ̀ẹ̀kan péré lẹ ti pè mí ní "ẹ" rí, ọjọ́ tí mo ní mo lọ sí kíláàsì Bíbélì, tó jẹ́ pé bọ́ọ̀lù ni mo lọ gbá ní Badore. Ẹ nà mí lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n "ẹ" yẹn ló dùn mí jù.

Mo ń pè yín, ẹ ò gbé e. Mo mọ ohun tó fà á. Torí pé mi ò lè wá ni. Ẹ bínú, ẹ jàre. Ṣùgbọ́n bí ọmọ yìí bá dé, tó sì gbó díẹ̀, a ó gbé e wá kí yín. Mo ṣèlérí.

Fikáyọ̀ yín.


Aberdeen,
19 Agẹmọ, 2025.

Màámi,

Ẹ ò tíì dá mi lóhùn. Mo pe Alhaja Afusat kí n lè mọ̀ bóyá ara yín le. Ó ní ara yín le dáadáa, pé ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ bá òun jà tán lórí ata rodo ni.

Tó bá jẹ́ pé ẹ fẹ́ bú mi, ẹ bú mi. Èébú yín sàn fún mi ju ìdákẹ́jẹ́ yìí lọ. Tolúwani náà ò rẹ́rìn-ín mọ́, ó ní òun ò fẹ́ bímọ sínú ìjà.

Fikáyọ̀.


Abraham Adésànyà Estate,
Ajah, Èkó.
3 Ògún, 2025.

Fikáyọ̀,

Báwo ni Tolúwani? Sọ fún un pé kó rẹ́rìn-ín. Mo ti padà sí "o". Ṣùgbọ́n má tíì jó.

Lánàá, Alhaja Afusat òdìkejì wa wọlé wá, ó bá mi níbi tí fóònù ti ń dún tí mo ń wò ó. Ó ní, "Ahn-ahn, Mummy Fikáyọ̀, ẹ pick call yín now! Ọmọ yín ló ń pè." Mo ní kó fi í sílẹ̀ kó máa dún. Ó ní, "Wàhálà wo nìyẹn?" Mo bá fún un ní lẹ́tà rẹ kó fojú ara rẹ̀ rí i. Ó kà á. Ó tún un kà. Ó bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀.

Ó ní, "Mummy, ẹ jọ̀ọ́, ta ló máa ń nílò ògbufọ̀?"

Mo ní ẹni tí kò lè sọ èdè àwọn tó ń gbọ́ ọ ni.

"Ehen! Nígbà tí Ààfáà wa ti Ìlọrin wá ṣe wáàsí fún wa, ṣé a wá ògbufọ̀ fún un ni? Yorùbá ló sọ now! Yorùbá lọmọ yín fẹ́ sọ. Ẹ ti ń bínú sí ọmọ yẹn for nothing."

Mo jókòó. Mo gba lẹ́tà náà padà, mo kà á bí ó ṣe kà á, mo sì rí i pé bẹ́ẹ̀ ló rí. Èmi tí mo kọ́ ọmọ aráyé ní Yorùbá nílé ẹ̀kọ́ títí mo fi fẹ̀yìn tì, èmi ògbufọ̀ àgbà, Alhaja Afusat ló wá túmọ̀ lẹ́tà ọmọ mi fún mi! Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi gbá orí tábìlì mi. Kò sì kúrò nílé mi títí mo fi gbà pé òun ló jàre lórí ata rodo náà.

Àìwá sílé rẹ kọ́ ló bí mi nínú. Obìnrin tó fẹ́ bímọ, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ló yẹ kí ọkọ rẹ̀ wà. Ohun tí mo gbọ́ nínú lẹ́tà rẹ ni pé iṣẹ́ tí mo fi ayé mi ṣe kò wúlò fún ọmọ mi. Ohun tó lé oorun lójú mi nìyẹn.

Ó dáa, ṣé Yorùbá lo fẹ́ sọ lóòótọ́? Àwọn tó ń bọ̀ láti Calabar àti Jos ńkọ́? Pásítọ̀ ní obìnrin kan ń bọ̀ láti Kenya pẹ̀lú. Ṣé wọ́n á máa wò ọ́ lẹ́nu ni?

Ti "àṣìtúmọ̀" yẹn, mi ò tíì dárí rẹ̀ jì ọ́. Ohun tí oníwàásù yẹn sọ yé mi kedere. Mo gbọ́ okùn, mo sì mọ̀ pé okùn ni. Ìdí tí mi ò fi sọ ọ́ wà lọ́wọ́ mi, kì í sì í ṣe tèmi láti máa sọ kiri.

Ìyá rẹ.


Aberdeen,
5 Ògún, 2025.

Màámi ọ̀wọ́n,

Ó yẹ kí wọ́n fi Alhaja Afusat joyè! "O" yín dùn mọ́ mi lẹ́nu, mo kà á fún Tolúwani sókè, ó rẹ́rìn-ín títí ọmọ inú rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í ta á nípàá.

Bẹ́ẹ̀ ni o, Yorùbá ni. Mo fẹ́ kó bá yín lójijì ni mi ò fi là á yé yín. Òyìnbó ni mo fi ń ṣiṣẹ́ láti àárọ̀ di alẹ́, ṣùgbọ́n Yorùbá ni mo fi gba Ọlọ́run gbọ́, ẹnu yín ni mo sì ti gbà á. Mi ò mọ bí mo ṣe lè dúró níwájú àwọn èèyàn wa, kí n sọ nípa ìgbàgbọ́ mi ní èdè tí mi ò fi gbàdúrà rí.

Ṣùgbọ́n òótọ́ lẹ sọ nípa àwọn àlejò. Mi ò rò ó débẹ̀. Mo ti kọ̀wé sí Pásítọ̀, ó ní àfi kí a wá ẹni tí yóò máa yí Yorùbá mi sí Òyìnbó. Mo ní mo mọ ẹnì kan ní Ajah tó pegedé, àmọ́ ó máa ń bínú.

Màámi, ẹ jọ̀ọ́, mo nílò ògbufọ̀. Ṣé ẹ óò bá mi ṣe é?

N óò ṣì sọ ìtàn àjẹ̀ náà. Ẹ wò ó, mo fi àmì sí i. Mi ò ní í bi yín ní ìdí rẹ̀ mọ́.

Fikáyọ̀.


Ajah, Èkó.
6 Ògún, 2025.

Fikáyọ̀,

Mo gbà. Ta ni mo fẹ́ kọ̀ fún?

Ẹ̀rù ń bà mí díẹ̀. Gbogbo ọjọ́ ayé mi, láti Òyìnbó sí Yorùbá ni. Láti Yorùbá sí Òyìnbó, bí ìgbà tí èèyàn ń fẹ̀yìn rìn ló rí. Mo ti ń fi Alhaja dánra wò. Á sọ Yorùbá, n óò fi Òyìnbó gbè é. Ìṣòro rẹ̀ ni pé òun náà ti ń sọ Òyìnbó mọ́ ọn kó tó kàn mí.

Nígbà tí o bá ń sọ̀rọ̀, má sáré. Má sì máa pa òwe lé òwe nítorí kí wọ́n lè mọ̀ pé ọmọ Yorùbá ni ọ́. Wọ́n ti mọ̀.

Ìyá rẹ.


Aberdeen,
11 Ọ̀wàrà, 2025.

Màámi,

Kí ló ṣẹlẹ̀? Mò ń sọ̀rọ̀ lọ, ojú ẹ̀rọ gan, mi ò rí ẹnikẹ́ni mọ́, mi ò gbọ́ ohunkóhun. Mo tan ẹ̀rọ, mo pa ẹ̀rọ, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbá ẹ̀rọ. Nígbà tí mo padà wọlé, kò sí ohùn, ṣùgbọ́n mo rí i pé gbogbo gbọ̀ngàn ti dìde. Mo rò pé wọ́n ń lọ sílé ni! Mo wá rí i pé àtẹ́wọ́ ni wọ́n ń pa, ojú yín sì kún fún omijé. Bó ṣe tún lọ nìyẹn.

Pásítọ̀ ò gbé fóònù. Ẹ̀yin náà ò gbé e. Alhaja gbé e, ó ń ké "Allahu Akbar" ṣáá, ó ní ẹnu yín ló yẹ kí n ti gbọ́ ọ.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ̀wé sí mi. Ṣé mo ba ọjọ́ náà jẹ́ ni?

Fikáyọ̀.


Abraham Adésànyà Estate,
Ajah, Èkó.
16 Ọ̀wàrà, 2025.

Fikáyọ̀ ọmọ mi, ọmọ Akínọ̀ṣọ́,

Mo mọ̀ pé o ti ń sáré káàkiri ilé. Mo mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kí o dúró díẹ̀. Ọ̀rọ̀ gidi ni, inú ìwé ló yẹ kó ti dé ọ̀dọ̀ rẹ.

Gbọ̀ngàn náà kún. Obìnrin Kenya yẹn sọ bí òun ṣe kọ́ ilé ìwòsàn ní abúlé tí kò ní ọ̀nà, mo sunkún. Ọ̀jọ̀gbọ́n kan láti Jos sọ bó ṣe fi ìgbésí ayé rẹ̀ kọ́ àwọn ọ̀dọ́ àlùfáà. Ó wá kàn ọ́. Ojú rẹ jáde lára ògiri, ó tóbi tó ilẹ̀kùn. Mo bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ, mo di máìkì mú.

Gbólóhùn àkọ́kọ́ tí o sọ, mo ń wá Òyìnbó rẹ̀ kiri. Ìkejì, ó jáde. Nígbà tó yá, mi ò mọ ìgbà tí ìwọ ń dákẹ́ tí èmi ń bẹ̀rẹ̀ mọ́. Fikáyọ̀, ó dùn! O sọ ìtàn oníwàásù yẹn, mo ń túmọ̀ rẹ̀ bí ẹni pé èmi kọ́ ló ṣẹlẹ̀ sí. O wá ní, "Okùn ni òyìnbó sọ, ọkọ̀ ni ìyá mi sọ. Ọmọ ògbufọ̀ ni mí, títí di òní mi ò mọ ìdí..." Bí nẹ́tíwọ́kì ṣe já nìyẹn. Ẹnu rẹ là sílẹ̀ lára ògiri bí ẹni tó fẹ́ sín.

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Àwọn tó ń mójú tó ẹ̀rọ ń sáré sókè sódò. Pásítọ̀ Dúrósinmí wá sí etí mi, ó ní, "Mummy, ẹ ṣáà máa túmọ̀ nǹkan kan." Mo ní kí ni n óò túmọ̀? Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ti lọ.

Mo fẹ́ lọ jókòó. Gbogbo ọdún tí mo ti ń dúró níwájú ìjọ, ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn ló ń gba ẹnu mi kọjá. Kò sí ọjọ́ kan tí ẹnikẹ́ni bi mí pé ìwọ Abímbọ́lá, kí ni tìrẹ? Ṣùgbọ́n mo wo ojú wọn. Gbogbo wọn ń dúró de ìdí náà, ẹnu mi nìkan ló sì wà. Mo ní, "Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi." Mo sọ ọ́ ní Òyìnbó, mo tún un sọ ní Yorùbá. Èmi ni mo ń sọ̀rọ̀, èmi náà ni mo ń túmọ̀ ara mi.

Mo sọ fún wọn pé lọ́sẹ̀ tí òyìnbó yẹn wá, ọkùnrin kan nínú ìjọ wa pokùnso. Àlejò ni òyìnbó, wọn ò tíì sọ fún un. Ìyàwó rẹ̀ tó di opó jókòó lẹ́bàá fèrèsé, ọmọ wà lẹ́yìn rẹ̀. Òyìnbó wá ní kí a rọ̀ mọ́ okùn. Mo wo ojú obìnrin yẹn. Mo ní láéláé, n kò ní í fi ẹnu mi gbé okùn fún un. Ọmọ etí ọ̀sà ni mí, ọkọ̀ ló wá sí mi lẹ́nu. Àwọn àgbà ìjọ tó gbọ́ Òyìnbó bínú, wọ́n ní ògbufọ̀ kì í fi kún un, kì í sì í yọ níbẹ̀, wọ́n ní kí n lọ jókòó fúngbà díẹ̀. Mo lọ jókòó. Bí mo bá ro ẹjọ́, gbogbo ojú ló máa yí sí opó náà.

Mi ò dárúkọ rẹ̀ fún wọn. N kò jẹ́ dárúkọ rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló dìde láàárín èrò. Màmá Àyànlọ́lá ni, tó ń darí ẹgbẹ́ obìnrin wa, tó máa ń fún ọ ní ẹ̀pà nígbà tí o wà ní kékeré.

Ó ní, "Èmi ni. Mo ti pinnu ohun tí mo fẹ́ ṣe tí mo bá délé lọ́jọ́ náà. Mo di etí ọkọ̀ mú. Ọmọ tí mo pọ̀n nígbà yẹn ló wa ọkọ̀ tó gbé mi wá síbí lónìí."

Ó wá kọjú sí mi, ó ní, "Ẹ bá mi sọ ọ́ fún wọn." Mo túmọ̀ rẹ̀ sí Òyìnbó. Mi ò fi kún un, mi ò sì yọ níbẹ̀. Ìgbà yẹn ni gbọ̀ngàn dìde. Ìgbà yẹn lo rí wa. Bíṣọ́ọ̀bù tó ń fi imú sọ̀rọ̀ yẹn wà níbẹ̀, ó wá dì mọ́ mi. Alhaja Afusat tó tẹ̀lé mi wá ti gun orí àga.

O ò ba nǹkan kan jẹ́. Ká ní nẹ́tíwọ́kì ò já, ǹ bá kú pẹ̀lú ọ̀rọ̀ yìí nínú mi.

Pásítọ̀ ti ní kí n wàásù níbi ìsìn ìdúpẹ́ ọdún tuntun. Kò ní kí n wá túmọ̀ o, kí n wàásù! Yorùbá ni n óò sọ. Wọ́n á pa ògiri wọn lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n àwọn ará estate á nílò ẹni tó máa bá wọn sọ ọ́ ní Òyìnbó. Mo ní mo mọ ẹnì kan ní Aberdeen tó pegedé, àmọ́ kì í wá sílé.

Bí o bá gbà, ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ kọ́ ọ. Wo ojú ìjọ kí o tó la ẹnu.

Ìyá rẹ,
Abímbọ́lá, oníwàásù.


Aberdeen,
26 Ọ̀wàrà, 2025.

Ẹ̀yin oníwàásù, ẹ̀yin olùkọ́ mi,

Mo dọ̀bálẹ̀ ka lẹ́tà yín, mi ò sì tètè dìde.

Ọmọ ti dé! Obìnrin ni. Ara òun àti ìyá rẹ̀ le. Orúkọ tí ẹ sọ lórí fóònù la pè é, Olúrántí, ó sì jọ yín níwájú orí àti nínú ìbínú.

Mo ti pa "àṣìtúmọ̀" rẹ́ nínú ìwé mi. Mo jókòó ti ibi tó ṣófo náà láti àárọ̀, mi ò rí ọ̀rọ̀ Òyìnbó tí mo lè fi dí i. Mo ti sọ fún àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n tó rẹ́rìn-ín. Wọn ò rẹ́rìn-ín mọ́. Ọ̀kan nínú wọn ní kí n bá òun kí Màmá Àyànlọ́lá. Ẹ dárí jì mí, Màámi.

Mo gba iṣẹ́ náà. Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń bọ̀ lóṣù Ṣẹ́rẹ́, mo ti sọ fún wọn níbi iṣẹ́. N óò dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín, n óò sì gbà á lẹ́nu yín ní gbígbóná. Ẹ ṣáà má sáré.

Mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ. Láàárọ̀ yìí, Olúrántí figbe ta. Nọ́ọ̀sì tó wá wò wá ní ebi ló ń pa á. Tolúwani ní oorun ni. Mo wo ojú ọmọ náà dáadáa, mo sì sọ fún wọn pé rárá o, ó ní kí wọ́n gbé òun ni. Mo gbé e.

Ó dákẹ́.

Ògbufọ̀ yín,
Fikáyọ̀.